Òrùlé Kan Ṣoṣo Tí Ó Jò Nínú Iṣẹ́ Bàbá Àgbà Mi

Ní ọjọ́ kẹjọ tí bàbá àgbà mi jáde láyé, nígbà tí a ṣe fìdáù rẹ̀ ní Òkè-Onígbìn, Àáfà tí ó ṣe wáàsí sọ fún àwọn ènìyàn pé olóògbé náà kì í di ẹnikẹ́ni sínú, pé ó ti dárí ji gbogbo ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ kí ó tó lọ. Gbogbo àwùjọ ṣe àmín. Èmi náà gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé n kò fẹ́ bá Àáfà jiyàn lójú àlejò, ṣùgbọ́n n kò ṣe àmín. Bàbá àgbà mi kò dárí ji gbogbo ènìyàn. Ẹnì kan wà tí kò dárí jì títí èémí ìkẹyìn fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, nítorí pé èmi pẹ̀lú kò tíì dárí ji ẹni náà.

Mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Mo fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo ka ìwé púpọ̀, mo sì ti ka oríṣiríṣi ìrántí tí àwọn ọmọ-ọmọ kọ nípa àgbà wọn. Nínú wọn, òkú a máa di ẹni mímọ́ kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ. N kò ní ṣe irú rẹ̀ fún ọkùnrin yìí. Ó tóbi ju ẹni tí a ń fi oyin pa lára lọ.

Káfíńtà òrùlé ni. Bàbá Káfíńtà ni gbogbo ayé ń pè é, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Òrò. Bí ọkọ̀ bá gbé èmi àti òun lọ sí Omupo, kì í wo oko, kì í wo ènìyàn. Òrùlé ni ó máa ń wò. Á na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, á gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ bí òrùlé ilé tí a ń kọjá, á sì bi mí pé, "Àbẹ̀kẹ́, ó rìn mélòó, ó ga mélòó?" Bí mo bá ní ó rìn mẹ́ta, ó ga ọ̀kan, á mi orí pé ó dára. Bí mo bá ní ó rìn mẹ́fà, ó ga ọ̀kan, á pòṣé tòun ti ìbínú. Nígbà kan, obìnrin tí ó jókòó tì wá bi í pé ta ni ó ń bá jà níta láti àárọ̀.

"Ẹni tí ó kan páànù yẹn ni, ìyá," ni ó dáhùn. "Kò sí nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀."

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ìrìn ni ó ń pe ọ̀nà tí òrùlé gbà lọ ní ìbú, láti orí ògiri títí dé abẹ́ téńté òrùlé. Gíga ni ó ń pe iye tí téńté náà fi ga ju orí ògiri lọ. Ó mọ nọ́ńbà orí téèpù rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ lẹ́tà kankan kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Igi tí ó dagẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó kọ́kọ́ ń wọ̀n. Ó ní kí a kọ́kọ́ mọ ìrìn, kí a mọ gíga, ẹ̀yìn náà ni igi yóò wá mọ bí òun yóò ṣe gùn tó.

Mo rántí ọjọ́ tí ó kọ́ mi. Ó fi pákó gígùn kan ti ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fún mi ní téèpù, ó ní kí n fi àmì sí ibi tí ó bá wù mí lára pákó náà, kí n wọn ìrìn àti gíga rẹ̀ láti ìdí pákó. Mo wọ̀n ọ́n. Ó rìn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ga ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó ní kí n tún fi àmì sí ibòmíràn lókè. Ìyẹn rìn mẹ́fà, ó ga méjì. Mo sáré dá a lóhùn pé ibi kejì ni ó dagẹ̀rẹ̀ jù, nítorí pé méjì ju ọ̀kan lọ.

"Ṣé pákó kan náà kọ́ ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ṣé ó tẹ̀ láàárín ni?"

"Kò tẹ̀."

"Nígbà náà, pín gíga fún ìrìn. Ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí ó rìn, kí ni ó kàn án nínú gíga?"

Mo jókòó sórí ìtì igi, mo ṣírò. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ íńṣì méjìlá. Bí a bá pín in fún mẹ́ta, íńṣì mẹ́rin ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà méjì jẹ́ íńṣì mẹ́rìnlélógún. Bí a bá pín in fún mẹ́fà, íńṣì mẹ́rin náà ni. Mo wọn ibi kẹta láìjẹ́ pé ó rán mi, mo wọn ibi kẹrin. Íńṣì mẹ́rin, íńṣì mẹ́rin. Ó ń wò mí láti ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù.

"Pákó tí kò bá tẹ̀," ni ó wí, "níbikíbi tí o bá ti bi í léèrè, ohun kan náà ni yóò sọ."

Ẹ má ṣe rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni mo ń ṣàpèjúwe. Kì í pariwo, kì í gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń dúró de ènìyàn. Ìdílé kan wà ní àdúgbò wa tí ọmọ wọn ń gbé ní Èkó. Nígbà tí ọmọ náà kọ́lé sílé, ó ní Bàbá Káfíńtà ti di arúgbó, kí wọ́n lọ mú káfíńtà wá láti Ìlọrin. Bàbá àgbà mi gbọ́. Ó ń kí wọn, ó ń bá wọn jókòó ní mọ́sálásí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjì ṣí òrùlé náà. Àwọn àgbà ìdílé náà wọ́ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ní kí wọ́n gún iyán fún wọn, ó sì dúró títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n fọ ọwọ́.

"Ẹ kú ìrìn," ni ó wí fún wọn. "Ọ̀nà Ìlọrin kò tíì dí."

Ìyá àgbà mi bínú sí i ní ọjọ́ náà. "Bàbá Rámọ́tù, ẹ ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú láé," ni ó wí. Ó sì dá a lóhùn, bí ó ti ń pọ́n ayùn rẹ̀ lọ, pé, "Ẹ̀mí rẹ̀ ni ó gùn. Kì í ṣe èmi ni mò ń bọ́ ọ."

Mo wà ní ìwé kẹta ní ilé ìwé girama kan ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí a dé orí ìdagẹ̀rẹ̀ ìlà nínú áljẹ́bùrà. Orúkọ ọkùnrin tí ó ń kọ́ wa wà lórí ahọ́n mi títí di òní, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Bí ó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí ó wá ọmọ-ọmọ tirẹ̀ kí ó kọ ọ́. Tíṣà ni n ó máa pè é.

Ó ya ìlà tààrà kan sí ojú pátákó tí a ti fa àwọn àpótí kéékèèké sí. Ó fi àmì sí ibi méjì lórí rẹ̀. Ó ní kí a yọ òòró àkọ́kọ́ kúrò nínú òòró kejì, kí a yọ ìbú àkọ́kọ́ kúrò nínú ìbú kejì, kí a sì fi ohun tí ó kù ní ìbú pín ohun tí ó kù ní òòró. Kò sọ ìdí. Ó pè mí sí iwájú. Ọ̀kan nínú àmì rẹ̀ bọ́ sí àárín àpótí, ó ṣòroó kà. Nítorí náà mo wá ibi méjì mìíràn tí ìlà náà ti gba igun àpótí kọjá gẹ́lẹ́, mo kà wọ́n, mo sì kọ ìdáhùn mi: ìdá kan nínú mẹ́ta.

"Sàlámátù," ni Tíṣà fi orúkọ ilé ìwé mi pè mí, "níbo ni o ti rí àmì wọ̀nyí?"

"Èmi ni mo mú wọn, sà."

"Ta ní ní kí o mú wọn?"

"Ìlà náà kò tẹ̀, sà. Ibikíbi tí a bá mú, ọ̀kan náà ni."

Àwọn ẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn mi tọ̀nà. Ó wo ìwé rẹ̀, ó rí i pé ó tọ̀nà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ó bi mí pé ta ní kọ́ mi ní ìranù yẹn. Mo ní bàbá àgbà mi ni, pé káfíńtà ni. Ó nà mí ní pàṣán mẹ́fà, ó ní kí n mú káfíńtà náà wá ní ọjọ́ kejì.

Bàbá àgbà mi wá pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, nítorí pé ibi iṣẹ́ ni ó gbà wá. Tíṣà kò fún un ní àga. Ó pè é wọ kíláàsì, ó mú un dúró níwájú wa.

"Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ọmọ yìí ní ìṣirò?"

"Pákó ni ó kọ́ ọ," ni bàbá àgbà mi dáhùn. "Èmi kàn bá a gbé pákó ró ni."

"Ó dára. Ẹ kọ fọ́múlà rẹ̀ fún wa, kí àwa náà lè kọ́gbọ́n." Ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí i.

Bàbá àgbà mi gba ṣọ́ọ̀kì náà. Ó dì í mú bí ẹni tí ó di ìṣó mú, kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Bí ẹni tí kò lọ sí ilé ìwé ṣe ń parí ayé rẹ̀ nìyí."

Ìgbómìnà ni bàbá àgbà mi máa ń bá wa sọ nílé. Yorùbá tí ó ń bá àlejò sọ ni ó fi dá Tíṣà lóhùn, èmi sì mọ̀ pé bí ó bá ti fi ìyẹn sọ̀rọ̀ sí ènìyàn, ó ti pa ilẹ̀kùn dé. Ó rọra gbé ṣọ́ọ̀kì lé orí tábìlì. "Mo dúpẹ́, Tíṣà," ni ó wí, "ẹ ó tún rí mi." Ó mú mi dé ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi wò, níbi tí ojú pàṣán ti wú.

"Ìdáhùn rẹ tọ̀nà, Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí. "Má ṣe gbàgbé ojú rẹ̀."

N kò gbàgbé. Tíṣà ni ó gbàgbé, ìyẹn sì ni ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti wà ní Òrò tí mò ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó kọ́ ilé kan sí ẹ̀yìn ìlú Ọ̀mù-Àrán, ó sì ń wá káfíńtà. Gbogbo ẹni tí ó bi léèrè ń dárúkọ bàbá àgbà mi fún un. Ó wá fúnra rẹ̀, ó kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò sì mọ̀ pé òun ti rí i rí.

Òrùlé tí kò ga ni ó fẹ́, irú èyí tí ògiri iwájú ń bò mọ́lẹ̀, bí ó ti rí i ní ìlú ńlá. Ó ti yà á sínú ìwé gíráàfù. Ní ìbú, ó fi àpótí kọ̀ọ̀kan dípò ẹsẹ̀ bàtà kan. Ní òòró, kí àwòrán náà lè tóbi kí ó sì hàn dáadáa, ó fi àpótí kọ̀ọ̀kan dípò íńṣì kan. Àpótí méjìlá ni ìlà náà rìn, àpótí méjìlá náà ni ó ga. Bí ènìyàn bá fi ojú lásán wò ó, yóò rò pé òkè ni, pé omi yóò máa sáré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti òótọ́, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni ó rìn, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni ó ga. Tíṣà fi ojú wò ó, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkùnrin tí ó nà mí nítorí ìdagẹ̀rẹ̀ kò ka nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà.

Bàbá àgbà mi kà á, nítorí pé àmì ẹsẹ̀ bàtà àti ti íńṣì tí Tíṣà kọ ti nọ́ńbà náà wà lára téèpù rẹ̀. Ó mú ìwé náà lọ sílé fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó padà lọ bá Tíṣà níbi iṣẹ́, níwájú bíríkìlà méjì.

"Tíṣà, ṣé bí ó ti wà nínú ìwé yìí gan-an ni ẹ fẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ẹ má fi òye tiyín kún un."

"N kò ní fi kún un," ni bàbá àgbà mi wí.

Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Mo lọ wò ó. Kò sí ìṣó kan tí ó wọ́, kò sí igi kan tí kò gún régé, ó sì to páànù náà bí ẹni pé ojú ilé tirẹ̀ ni ó ń bò. Tíṣà yìn ín lójú gbogbo ènìyàn.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ ìṣílé, nígbà tí àlejò kún pálọ̀. Omi tí ó yẹ kí ó sáré kúrò lórí páànù jókòó síbẹ̀, ó ń wá ọ̀nà, ó sì gba abẹ́ ibi tí páànù ti gun ara wọn wọlé. Ó kán sórí oúnjẹ, ó kán sí fìlà àwọn àgbà, ó kán sórí àwọn ìwé Tíṣà nínú yàrá. Àwọn àlejò ń gbé àga láti igun kan sí èkejì títí wọ́n fi gbé e dé ìta. Àwọn kan ní kí n má ṣe sọ bí inú mi ti dùn tó nígbà tí mo gbọ́. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun.

Tíṣà fi ẹjọ́ sun ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà. Ní ìgbà náà, bí òrùlé bá jò tí ẹgbẹ́ sì rí i pé ẹ̀bi káfíńtà ni, wọn yóò gba ayùn rẹ̀, wọn yóò gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹgbẹ́ fún ọdún kan, kí gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá lè béèrè pé ayùn ta ni. Orúkọ tí bàbá àgbà mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ wà nínú ewu ní ọjọ́ náà. Mo gba àyè wá láti Òrò. Tíṣà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí ó kan bàbá àgbà mi, ó yọ ìwé gíráàfù náà láti inú àpò agbádá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú Tíṣà.

"Ọwọ́ yín ni èyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ mú ibi méjì lórí ìlà yìí. Èyí tí ó bá wù yín. Ẹ kà á fún wa."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpótí. Ó ka ìbú, ó kọrí sí òòró, ó sì dúró. Mo rí ìka rẹ̀ bí ó ti ń lọ láti ibi kan sí òmíràn lórí ìlà náà, tí ó ń wá ibi tí yóò sọ ohun mìíràn fún un. Kò rí i. Bàbá àgbà mi yíjú sí mi, ó ní kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀wé. Mo dìde.

"Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni ó rìn," mo wí, "ẹsẹ̀ bàtà kan ni ó ga. Íńṣì kan ni ó kan ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan."

Àwọn káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ẹní tí a jókòó lé dagẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olórí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n dákẹ́, ó ní kí Tíṣà máa lọ, pé ohun tí ó yà ni wọ́n kàn fún un. Lẹ́yìn náà ó wo bàbá àgbà mi, ó wò ó pẹ́. "Ìwọ ńkọ́," ni ó wí, "ìwọ tí o ti ń kan òrùlé kí wọ́n tó bí ọkùnrin yìí, o ò mọ̀ ni?"

Bàbá àgbà mi ká ìwé náà, ó dá a padà sí àpò. "N kò lọ sí ilé ìwé," ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń pe Tíṣà ní Íńṣì Kan. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú títì, wọ́n ń pè é láti ẹ̀yìn fèrèsé. Kí ọdún náà tó parí, ó ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ibòmíràn.

Ní ọdún tí bàbá àgbà mi lò kẹ́yìn, nígbà tí kò lè dá dìde mọ́, Tíṣà wá sí ilé wa. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Mo gbé àga fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì dúró tì wọ́n.

"Bàbá," ni ó wí, "ohun kan péré ni mo wá béèrè. Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò jò?"

Mo mọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Bí bàbá àgbà mi bá ní òun kò mọ̀, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣìnà, Tíṣà yóò sì lè fi ìyẹn sùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kò ní ná bàbá àgbà mi ní ohunkóhun.

"Mo mọ̀," ni ó wí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n má fi òye tèmi kún un."

Tíṣà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn tí òun kọ́ nígbà náà ti rán òun létí ọ̀rọ̀ kíláàsì ọjọ́ kìíní, pé òun ṣẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí ó foríji òun. Bàbá àgbà mi wo ojú oòrùn, ó ní àkókò ìrun ti tó, kí wọ́n bu omi àlùwàlá fún òun. Àwọn ọmọ gbé e wọlé. Kò bojú wẹ̀yìn.

Èmi ni mo sin Tíṣà jáde. Ní ẹnu géètì, ó dúró.

"Sàlámátù, ìwọ ni o ka ìwé yẹn níwájú ẹgbẹ́. Ṣé ọjọ́ náà ni o kọ́kọ́ rí i?"

"Rárá, sà."

Mo sọ fún un, nítorí pé ó ti tó àkókò kí ó mọ̀. Ní ọjọ́ méjì tí ìwé náà fi wà nílé wa, mo wà nílé fún ìsinmi. Bàbá àgbà mi tẹ́ ẹ sórí itan mi kí ó tó gé igi kan. Ó bi mí bóyá ohun tí òun kà ni mo kà. Mo ní òun ni, mo ní omi kò ní ṣàn. Ó ní èmi ni wọ́n nà, nítorí náà èmi ni òun yóò bi léèrè, ṣé kí òun sọ fún Tíṣà.

"Kí ni o wí fún un?" ni Tíṣà béèrè.

"Mo ní kí ó má sọ ọ́."

Ó ń wò mí. Èmi náà ń wò ó. Ilẹ̀ iwájú ilé wa lọ sísàlẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dé etí títì, òkúta sì pọ̀ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi kí n dì í mú sọ̀kalẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà títí ó fi fà á padà.